Àrùn Ìdílé: Ká Sọ Ọ́ Ni, Àbí Ká Pa Á Mọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí dókítà bá sọ fún bàbá kan pé àrùn ọkàn tó ń ṣe é, àjogúnbá ni, ṣé dandan ni kó sọ fún àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀? Àwọn kan á ní, "Má sọ ọ́ o! Ta ni yóò fẹ́ ọmọ rẹ?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí ọ̀ràn. Èròjà kan wà nínú iṣan ara wa tí à ń pè ní máyósìn. Òun ló ń fa iṣan, tí apá fi ń gbé ẹrù, tí ọkàn fi ń lù. Jíìnì tí òbí ń fún ọmọ ló ń sọ bí ara yóò ṣe mọ ọ́n. Mẹ́fà nínú àwọn jíìnì yìí tò tẹ̀lé ara wọn lórí krómósómù kẹtàdínlógún. Méjì tó jẹ́ ti ọkàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìkẹrìnlá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, ara ṣèèṣì da jíìnì kan kọ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó lé sì wá kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún 1990, Christine àti Jonathan Seidman pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú ọ̀kan nínú jíìnì ọkàn méjì yẹn, iṣan ọkàn lè nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí òbí kan bá ní in, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe lè jogún rẹ̀ náà ló ṣe lè bọ́. Ẹlòmíràn á gbó, á tọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, á ṣubú lórí pápá, á kú, a ó sì ní ayé ló pa á.

Ṣé ẹ rí i? Àṣìṣe àdàkọ ló fún wa ní oríṣiríṣi iṣan tó ń gbé wa rìn. Òun náà ló fún ẹlòmíràn ní àrùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Kí ni ìtìjú wá ń wá níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. N ò ní ká kéde rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀ lè lọ ṣe àyẹ̀wò, kó gba oògùn àti ìmọ̀ràn. Èyí tí kò mọ̀ ńkọ́? Bí àna kan bá kọ̀ wá, òmíràn lè gbà wá; ọmọ tó bá kú ò ní pààrọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tèmi rèé o: kí bàbá yẹn pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kó sọ ọ́. Òun kọ́ ló yan àrùn náà, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, òun ló yàn án. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe rí i sí?