Ṣé Ìwé Ilẹ̀ Ni Ó Ń Sọni Di Ará Ìlú?



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn sì ń múra àtilọ. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Owó ilé ní Èkó ń gòkè, ṣùgbọ́n owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì kò bá a gòkè. Abẹ́òkúta kò jìnnà, kò sì ní ariwo tó Èkó. Láti 1976 ni ó ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1988, ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀ kọjá ní 2021. Bí ìlú ti ń fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni oko ẹ̀gẹ́ ń di àdúgbò. Ohun ayọ̀ ni pé kí obìnrin fi òógùn ojú rẹ̀ ra ilé, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Nígbà tí a bá ti san owó tán, tí rìsíìtì sì ti wà lọ́wọ́ wa, ǹjẹ́ ó ku nǹkan kan tí a jẹ ìlú náà àti àwọn tí a bá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó sọ pé kò ku nǹkan kan. Ẹ ro ti opó kan tí ó ń ta aṣọ, tí ó dá àjọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó san owó fún ẹbí tí ó ni ilẹ̀, ó san ti alágbàtà, ti agbẹjọ́rò àti ti wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ní ọjọ́ tí bíríkìlà kó búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí i, wọ́n ní kí ó mú owó ìpìlẹ̀ wá. Nígbà tí ó dé orí òrùlé, wọ́n tún dé, wọ́n ń béèrè owó òrùlé. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Òdodo ni ó sọ. Ohun tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe gbèsè. Nítorí èyí ni ìjọba Èkó àti ti Ògùn fi ṣòfin ní 2016 láti fi ìyà jẹ àwọn ajàgùngbalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gbè sẹ́yìn wọn.

Gbèsè tí mò ń sọ kò ní rìsíìtì, kò sì sí ẹni tí yóò wá fi igi kan ilẹ̀kùn wa nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti gbàgbé.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni iye tí a ra ilẹ̀ náà. Nígbà mìíràn, alágbàtà yóò sọ pé, "Ẹ tètè san án, ẹ̀dínwó ńlá ni, àwọn tí ó ni ín nílò owó kíákíá." Inú wa yóò dùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó mú un wọ́n níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin inú ẹbí ni ó ń tà á, tí àwọn ọmọbìnrin tí ó wà nílé ọkọ kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin. Kì í ṣe ẹnu lásán ni a fi ń sọ ọ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí a dá ní Èkó ní 1908, ilé-ẹjọ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin múlẹ̀ nínú ohun ìní ẹbí. Bákan náà ni òfin ti là á sílẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, àwọn tí a fi sẹ́yìn lè pẹjọ́ kí a sì fagi lé e.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìyẹn kan àwọn tí ó ń tà, kò kan èmi tí mò ń rà. Ó kàn wá. Bí ilẹ̀ náà bá pọ̀ lọ́jà nítorí pé a pa ẹnìkan lẹ́nu mọ́, a jẹ́ pé ìpín onítọ̀hún ni ẹ̀dínwó tí a gbà. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ ti bá wọn pín in. Ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ kò sì sàn jù ú lọ. Nítorí náà, kí a tó san owó, kí a béèrè pé, "Ọmọ mélòó ni baba yìí bí? Níbo ni àwọn obìnrin inú wọn wà? Ṣé wọn yóò fọwọ́ sí i?" Ìbéèrè yìí yóò gba ọkàn wa, yóò sì gba owó wa là pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn tí a bá lórí ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan máa dá oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, kí ó sì ti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí náà láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀gẹ́ kì í ta ní oṣù mẹ́ta; oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń gbà. Bí a bá gbé katakata wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a sanwó, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú wa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọdún kan ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a kò bá lè dúró dè é títí yóò fi wú u, kí a ra ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí ó tọ́. Bákan náà ni ti ayálégbé tí a bá nínú ilé tí a rà. Òun kọ́ ni ó ta ilé fún wa, kò sì yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò sùn síta nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní àkókò tí ó tó láti wá ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn ìlú náà, nítorí ìlú tí àwọn àlejò tẹ̀dó ni Abẹ́òkúta. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun fọ́ ìlú wọn dé ìsàlẹ̀ àpáta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ibẹ̀ kò ṣófo nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ará Ìtòkò wà nítòsí, àwọn ará Ìbarà náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Òwu dé, wọ́n sì fún wọn ní àyè. Àwọn Sàró tí ó padà láti Sierra Leone dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé láti Àgbádárìgì, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò ní ọdún méjìlá ṣáájú ni ó ń gba àlejò wọlé yìí.

Kí ni ó wá so gbogbo wọn pọ̀ di ìlú kan? Kì í ṣe ìwé, nítorí kò sí ìwé nígbà náà. Ẹrù tí wọ́n jọ rù ni. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní 1851, tí ó sì tún padà wá ní 1864, odi kan náà ni wọ́n jọ dúró tì. Ẹ rántí Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó kó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá ni nípa ìbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni ó gbé e dé ipò Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ohun tí ó fi ran ìlú lọ́wọ́ nígbà ogun ni. Gbogbo ìwà rẹ̀ kọ́ ni a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí ó ṣòwò ẹrú; síbẹ̀ ní ti èyí, ó yé wa pé ohun tí ènìyàn bá gbé sílẹ̀ fún ìlú ni ìlú fi ń mọ̀ ọ́n.

Lónìí, kò sí ogun Dàhómì mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù wà. Gọ́tà àdúgbò ń fẹ́ kíkó. Tàránsífọ́mà ń bàjẹ́, a sì ń dá owó sí i. Ọ̀nà ń fẹ́ yanrìn. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. A ti rí àwọn tí ó mọ odi gíga, tí wọ́n ti géètì, tí ó jẹ́ pé oorun nìkan ni wọ́n ń wá sùn ní Abẹ́òkúta. Èkó ni wọ́n ti ń ra ata, Èkó ni wọ́n ti ń rán aṣọ, wọn kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ibẹ̀. Kí ni ó burú nínú kí a ra ata ní Kútọ̀, kí a ra àdìrẹ ní Ìtòkú, kí a sì fa omi kànga wa jáde sẹ́yìn odi kí àwọn ọmọ àdúgbò lè pọn?

Ẹnìkan lè tún bi wá pé, "Bí àwa láti Èkó ti ń dé, a ń sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ ìlú kò sì rí ilé háyà mọ́. Ṣé kí a má wá mọ́ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹnìkan kò lè dá ọjà gbogbo ìlú dúró, a kò sì lè sọ pé ẹni tí ó ń wá ibi orí rẹ̀ yóò gbé ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa kò kéré. Bí a bá kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn láti fi háyà, àwa ni yóò sọ iye rẹ̀. Ẹni tí owó ilé Èkó lé jáde kò yẹ kí ó gbé owó ilé Èkó wá fi lé ẹlòmíràn jáde.

Ìdájọ́ òdodo yìí tún gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bí a bá ń bi ẹbí tí ó ń ta ilẹ̀ léèrè nípa àwọn ọmọbìnrin wọn, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé tiwa. Ìyàwó tí ó fi èrè ọjà rẹ̀ ra sìmẹ́ńtì àti páànù, orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, ìgbà tí ara àwọn méjèèjì bá le ni a sì ń ṣe é. Kí àwọn ọmọbìnrin wa náà mọ ibi tí ìwé ilé wà.

Ẹ wo Ábúráhámù nígbà tí ó ń wá ilẹ̀ ìsìnkú fún Sárà. Wọ́n ní kí ó mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbà. Ó wọn 400 ṣékélì fàdákà lójú gbogbo ènìyàn ní ẹnubodè. Kò sí ẹni tí a fi pamọ́ fún, kò sì ṣẹ́ owó kù. Síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ní ẹni iyì, nítorí ìwà rẹ̀ láàárín wọn.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá rán wa létí pé ìní yìí ní òpin. Láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ìtọ́jú gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìyàn, ọdún 99 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú ìwé C of O. Lójú òfin, àwa tí a ń pè ní onílé náà ń gbé nínú ohun tí a fi fún wa fún ìgbà díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, ẹ gba ìwé yín pé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ. Ìwé ni yóò sọ yín di onílé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè di ará ìlú, ọwọ́ yín ni ó wà: bí ẹ ti rà á, bí ẹ ti ṣe sí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, àti ẹrù tí ẹ bá wọn gbé. Kí Olúwa jẹ́ kí ilé tí a rà tù wá lára, kí ó sì tu àwọn tí ó yí wa ká lára pẹ̀lú. Àmín.