Gbèsè Ẹ̀kọ́ àti Ẹni tí ó Wà ní Ìdálẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn àdúrà, ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan rí dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Olùkọ́, mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín. Ǹjẹ́ gbèsè a máa bá ènìyàn kọjá òkun bí?" Mo kọ́kọ́ rò pé àlọ́ ni ó fẹ́ pa fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Lọ́ńdọ̀nù ni a bí ọmọ yìí sí. Àwọn òbí rẹ̀ rán an wá sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ó lè gbọ́ èdè kí ó sì mọ ilé. Ìgbà náà ni ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó padà, nígbà tí ó sì di 2012 ó wọ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà gan-an ni a gbà á láyè pé kí àwọn yunifásítì ibẹ̀ máa gba owó tí ó tó £9,000 lọ́dọọdún. Ó yá owó náà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì tún yá díẹ̀ lé e fún oúnjẹ àti ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Ó jáde ní 2015, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ní 2018 ó sì padà wá sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́ bí tiwa. Kò sọ fún àwọn tí ó yá a lówó pé òun ti kúrò ní ìlú. Ìwé wọn ń lọ sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn sì ń kó wọn jọ sínú àpò kan. Nígbà tí ará ilé kan ń bọ̀ wálé, ó fi àpò náà rán an. Ọmọ náà fi àpò náà hàn mí. Nínú gbogbo ìwé tí ó wà níbẹ̀, kò tíì ṣí ẹyọ kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àwáwí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwáwí ẹnìkan ni àwáwí gbogbo wa.

Àwáwí èkínní ni pé òun ti wà ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn baba wa mọ gbèsè dáradára. Ìwọ̀fà a máa sin olówó títí a ó fi san owó tí a yá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì dín owó náà kù rárá. Bí onígbèsè bá sì ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, olówó a rán ológò sí i. Samuel Johnson ròyìn àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ológò a wọ inú ilé onígbèsè, a jókòó tì í, a máa kó ohun ọ̀sìn tí ó bá rí, a sì máa yọ gbogbo agbo-ilé lẹ́nu, títí àwọn ará ilé yóò fi mú ọ̀nà àti san gbèsè náà wá. Ní ayé ìgbà náà, ara ènìyàn ni okùn gbèsè: ara ìwọ̀fà ni, tàbí ara àwọn ará ilé.

Ẹ̀yáwó tí ọmọ yìí gbà kò rí bẹ́ẹ̀. A kò béèrè onídùúró lọ́wọ́ rẹ̀, a kò mú un sìn, a kò sì wí fún un pé kí ó má ṣe rìnrìn-àjò. Ohun tí òfin wọn béèrè ni pé bí yóò bá kúrò ní ìlú ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ó sọ ibi tí òun ń lọ, kí ó sì sọ iye tí òun ń pa níbẹ̀. A mú okùn kúrò ní ara rẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dípò rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan dè, kò ha yẹ kí ó di ọ̀rọ̀ náà mú ju ẹni tí a fi okùn dè lọ? Bí ó bá sì dákẹ́, ológò yóò wá ibòmíràn jókòó sí. Àbúrò bàbá rẹ̀ kò yá kọ́bọ̀, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni ìwé gbèsè ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Ẹni tí ó sá fún gbèsè kò gbé gbèsè náà sọnù. Ó kàn gbé e fún ará ilé ni.

Àwáwí kejì ni pé gbèsè náà ti di ti àtijọ́. Lóòótọ́, ọdún a máa tu ọ̀pọ̀ nǹkan lójú, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí onígbèsè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò ka ọdún náà tán. Àwọn tí ó yáni lówó ní agbára láti fi òpin sí i, àwọn kan nínú wọn sì ti fi í. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí pé irú ẹ̀yáwó tí àwọn tí ó wọlé ní 2012 gbà yóò di píparẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn oṣù kẹrin tí sísan rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, láti 1991, kò sí iye ọdún kan tí ó lè dí ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ láti pe ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́. Orílẹ̀-èdè kan ṣàánú, èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi méjèèjì, kò sí ibi tí a ti wí pé ìdákẹ́jẹ́ onígbèsè ni ó pa gbèsè náà rẹ́.

Àwáwí kẹta ni pé ìjọba ni olówó, ìjọba kò sì lè kú nítorí owó ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí jù, nítorí pé a ti jẹ èso rẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa. Ní 1972 ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, àti àwọn tí ó wà nílé àti àwọn tí ó lọ sí òkè òkun. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á di ènìyàn pàtàkì, wọn kò sì san án padà. Èmi kò wí pé àwọn nìkan ni ó ba ètò náà jẹ́. Àwọn alábòójútó pẹ̀lú kò lépa owó náà bí ó ti yẹ. Ní 1993 a tún fi òfin dá ilé ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹ̀kọ́, èyí náà kò sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024 kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó fọwọ́ sí òfin tí ó gbé ẹ̀yáwó ti ìsinsin yìí dúró: kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí san án. Láàárín 1993 àti 2024, mélòó ni ọmọ tálákà tí ó ní ọgbọ́n tí kò sì rí owó wọ yunifásítì? Àwọn àgbà wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ọmọ ẹlòmíràn ni ó bá wọn ru igbá náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ẹ̀yáwó tuntun yìí, tí ọkàn yín sì ń fà sí òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ro èyí wò kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Àwáwí kẹrin ni èyí tí omijé bá wá sí ojú ọmọ náà bí ó ti ń sọ ọ́: "Bàbá, n kò ní in." Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí a fi ara balẹ̀, nítorí pé àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Náírà ni ó ń gbà, pọ́n-ùn ni ó jẹ. Láti oṣù kẹfà 2023 pàápàá ni náírà sì ti wálẹ̀ gidigidi sí owó òkèèrè. Bí a bá ní kí ó san gbogbo rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò ní tó fún un títí ayé. Ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè gbogbo rẹ̀? Òfin ẹ̀yáwó náà ni pé ìdá 9 nínú 100 ni a ó gbà, kì í sì í ṣe nínú gbogbo owó tí ènìyàn ń pa bí kò ṣe nínú èyí tí ó bá lé ní ìwọ̀n kan. Fún ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹrin 2025, ìwọ̀n náà jẹ́ £28,470 lọ́dún fún irú ẹ̀yáwó yìí. Nípa ìwọ̀n yìí, ẹni tí ó bá ń pa £30,470 yóò san ìdá 9 nínú 100 lórí £2,000, èyí tí í ṣe £180 ní ọdún kan. Fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, a ṣe ìwọ̀n ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun gbogbo ti wọ́n tó níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá dé ìwọ̀n náà, tí ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, kì yóò san nǹkan kan ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n lè bu iye kan lé e lórí láti máa san lóṣooṣù, láìwo ohun tí ó ń pa, nítorí pé kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a ṣírò owó oṣù rẹ̀ sí pọ́n-ùn lórí tábìlì mi, kò sún mọ́ ìwọ̀n náà rárá. Ọmọ yìí ti fi ọdún púpọ̀ sá fún ohun tí a kì bá tí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìsásá náà ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí a ń béèrè. Ọmọ tí ó bá ṣí apá ni ìyá ń gbé; ṣùgbọ́n ẹni tí ó sápamọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ta ni yóò rí apá rẹ̀?

Èmi kò gbàgbé pé olówó pẹ̀lú ní ojúṣe. Ní New Zealand, láti 2006, a kì í gba èlé lórí ẹ̀yáwó ẹni tí ó bá jókòó ní ìlú, ṣùgbọ́n a ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti wà ní òkèèrè fún ọjọ́ 184 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016 a mú onígbèsè kan níbẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe relé bí ó bá mọ̀ pé ọlọ́pàá lè máa dúró dè é? Olówó tí kò fi ìwọ̀n sí ìbéèrè rẹ̀ ń kọ́ onígbèsè ní ìsásá. Síbẹ̀, líle olówó kò sọ irọ́ onígbèsè di òtítọ́. Bí òfin bá le, ẹni tí ó dúró ní gbangba ni ó lè bẹ̀bẹ̀ kí a tún un ṣe. Ọ̀nà yìí náà ni Pọ́ọ̀lù gbà nígbà tí Ónésímù sá tọ̀ ọ́ wá: ó rán an padà sí ọ̀dọ̀ Fílémónì, ó sì kọ̀wé pé òun yóò dúró fún gbèsè rẹ̀. Kò kọ̀wé pé kí Ónésímù jókòó síbi tí a kò ti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, èrò mi ni èyí. Ohun àkọ́kọ́ tí onígbèsè tí ó wà ní ìdálẹ̀ jẹ kì í ṣe owó. Ó jẹ ìdáhùn: ibi tí mo wà nìyí, ohun tí mo ń pa nìyí, ohun tí agbára mi ká nìyí. Ìdáhùn yìí ni tálákà lè san gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rọ̀, kò sì sí iye tí náírà lè wálẹ̀ tó tí yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀.

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè a máa kọjá òkun, ṣùgbọ́n ìwé pẹ̀lú a máa kọjá òkun." A jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ṣí gbogbo ìwé inú àpò, a tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn ti tẹ̀léra. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá ó ti kọ ibi tí ó ń gbé àti iye tí ó ń gbà, ó sì ti kọ̀wé sí àbúrò bàbá rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Èyí tí ó ti ṣẹ́ jọ láti ẹ̀yìn wá kò tíì tán. Ó ṣì ń bá wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wí fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé nígbà tí ìwé wọn tún dé, òun fúnra òun ni ó ṣí i, ọwọ́ òun kò sì gbọ̀n. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.