Ẹni Tó Dákú Ní Ẹ̀tọ́ Lọ́rùn Wa



Bí ọ̀kadà bá gbé ẹnìkan ṣubú ní Òkìtìpupa, tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ̀tọ́ wo ló kù fún un lọ́dọ̀ wa? Àwọn mìíràn a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí ibùsùn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Bí a bá lajú, ìgbì iná inú ọpọlọ a máa yára, a sì kéré. Bí a bá dákú, ìgbì náà sábà máa ń falẹ̀, a sì tóbi. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò rí i. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Cambridge sọ fún obìnrin kan, tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti sọ di aláìdáhùn fún oṣù márùn-ún, pé kó máa rò ó pé òun ń gbá tẹ́nìsì. Ẹ̀rọ fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìwádìí 2024 rí irú èyí lára 60 nínú 241 aláìsàn tí kò dáhùn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ta ló lè fi ojú yà wọ́n? Nítorí náà, ẹ sálámà sí i, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ẹ̀sìn wa gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Kò gbé e kúrò lórí àwa tí a dúró tì í.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká jẹ gbèsè aláìsàn. Àmín.