Òkè Tí Wọn Kò Kọ́lé Sí

Ní ìlú Sakurai, ní ìpínlẹ̀ Nara nílẹ̀ Japan, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Miwa. Kò ga púpọ̀, mítà 467 péré ni, igi sì bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ilé ìsìn Omiwa tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀ náà. Ìwé Kojiki tí wọ́n parí ní ọdún 712 ti sọ̀rọ̀ òrìṣà ibẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò kọ́ yàrá inú tí àwọn ẹlẹ́sìn Shinto máa ń yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Gbọ̀ngàn ìjúbà tí wọ́n kọ́ ní 1664 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ni ẹni tó bá dúró nínú rẹ̀ ń kọjú sí, nítorí òkè yẹn gan-an ni ibùgbé Omononushi, òrìṣà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó bá bọlá fún ohun mímọ́ yóò kọ́lé fún un, yóò la títì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò tan iná síbẹ̀. Èmi gbà pé kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lè jẹ́ ìsìn tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí ohun tí a bá kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ara wa la máa ń rí níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gun Miwa. Ẹni tó fẹ́ gùn ún yóò forúkọ sílẹ̀ ní ojúbọ Sai, yóò san owó díẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ọ̀já funfun tó ní agogo kékeré lára kó fi sọ́rùn. Kò gbọdọ̀ jẹun lókè. Kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, kò sì gbọdọ̀ já ewé. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dé ṣóńṣó, àwọn àpáta ìsìn tí okùn yí ká ni yóò bá, igi kò sì ní jẹ́ kó wo ìlú nísàlẹ̀. Èèwọ̀ fọ́tò ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹni tí kò lè ya àwòrán òkè kò lè sọ ọ́ di ohun ìní tí yóò máa fi yangàn. Ohun tó kù fún un ni kó rìn, kó júbà, kó máa lọ.

Mímọ́ ni òkè Fuji náà, ṣùgbọ́n láti 1964 ni títì ọkọ̀ ti gùn ún dé nǹkan bí àárín. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, ìjọba ìpínlẹ̀ Yamanashi fi géètì sí ọ̀nà Yoshida tí wọ́n ń gbà gùn ún ní 2024: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn lóòjọ́, owó Yen 2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Géètì lè dín èrò kù, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹni tó wọlé ní bó ṣe yẹ kó hùwà.

Ẹnìkan lè sọ pé Miwa náà ní ọ̀nà àtẹ̀gùn, ọwọ́ ènìyàn sì ti kàn án. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ kò sọ àlejò di onílé. Àtakò tó le jùyẹn ni pé èèwọ̀ lè di ohun ìyànjẹ. Títí dòní, wọn kò gbà kí obìnrin gun Sanjogatake ní òkè Omine, ìjẹ́mímọ́ náà ni wọ́n sì fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyẹn dùn mí, n kò sì lè gbèjà rẹ̀. Ìwà ni èèwọ̀ Miwa ń kà léèwọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀já kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ń fi sọ́rùn. Arúgbó àti arọ tí kò lè gùn ún wá ńkọ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn lọ sókè? Bó bá jẹ́ pé ṣóńṣó nìkan ni òrìṣà ń gbé, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo òkè náà ni òrìṣà ń gbé, ẹni tó gùn ún kò sún mọ́ ọn ju ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ lọ.