Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni. Ẹni tó ń bá ọlọ́lá rìn, tí ayé wá sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀yìn, làwọn àgbà ń fi í ṣàlàyé. Òwe náà sọ sí wa lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Mushin. Wọ́n ti mú iná lọ, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, a jókòó síwájú ilé kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Oṣù tuntun ti lé lápá ìwọ̀ oòrùn. Àgùàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíńtín, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá.

Ṣé ajá rẹ̀ ni lóòótọ́? Rárá o. Àgùàlà yìí ni Òyìnbó ń pè ní Venus. Ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 12,100. Ti òṣùpá ò pé 3,500. Ayé ni òṣùpá ń yí po, ṣùgbọ́n oòrùn ni Àgùàlà ń yí po ní tiẹ̀, láàárín ọjọ́ 225. Kódà nígbà tó bá sún mọ́ wa jù, ó ṣì jìnnà tó bí ìlọ́po 100 ibi tí òṣùpá wà. Ibi tí a jókòó sí ló sọ ọ́ di kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí àwa ará Mainland mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fojú ajá woni. Ẹ sọ fáwọn kan ní Island pé Mushin lẹ ń gbé, kí ẹ wá wo ojú wọn. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, àwa náà ń ṣe é. Ẹlòmíì ń gbé Mushin, á ní Surulere lòun ń gbé. Ará Surulere á máa wo Mushin bí ará Island ṣe ń wo òun. Ọmọ Yaba tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà á máa pe ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní "ìwọ yìí", kò ní bèèrè orúkọ ẹ̀.

Ta ló wà láàárín gan-an? Oòrùn tí pílánẹ́ẹ̀tì 8 ń yí po, ìràwọ̀ kan péré ni nínú èyí tó ju bílíọ̀nù 100 lọ nínú Milky Way. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní bí ìṣẹ́jú 8. A máa ń dúró de dánfó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ojúẹlẹ́gbà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gbéra láti àárín Milky Way á lo bí ọdún 26,000 kó tó dé. Àárín yẹn ni oòrùn fúnra rẹ̀ ń yí po, ẹ̀ẹ̀kan ní bí ọdún mílíọ̀nù 230. Ọ̀gá tí a rò pé gbogbo nǹkan ń yí po, òun náà ń yí nǹkan po.

Àwọn kan á ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la já mọ́? Eruku lásán ni gbogbo wa. A ò gbà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń fi títóbi wọn iyì, àṣìṣe kan náà tó sọ Àgùàlà di ajá. Bí Milky Way ṣe tóbi tó, kò dín ebi ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò fún lóúnjẹ kù. Èébú tí wọ́n bú u láàárọ̀ ṣì ń dùn ún lálẹ́.

Bí nǹkan ṣe kéré tó lójú wa, ibi tí a dúró sí ló ń sọ. Kò sọ iye tí nǹkan náà jẹ́. Ká bèèrè orúkọ ọmọ yẹn lọ́la. Tí wọ́n bá sì bi wá níbi tí à ń gbé, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ketekete: Mushin ni.