Ọ̀RÁ TÓ YẸ KÍ A TI ṢÍ KÚRÒ



Kíkà: Jòhánù 11:38-44

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí ìyá wa kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọjà Tuntun, níhìn-ín ní Ìlọrin. Mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ń fi èékánná họ férémù fèrèsé alumíníọ̀mù wọn. Ọ̀rá tó máa ń wà lára férémù tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí kúrò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti fi fèrèsé náà síbẹ̀. Ọ̀rá ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò kúrò. Wọ́n ní, "Ajíhìnrere, èmi rò pé ó ń bá mi dáàbò bò ó ni."

Ẹ gbọ́ o, wọn ò parọ́. Nígbà tí bíríkìlà ń rẹ́ ògiri, ọ̀rá yẹn ló ń gba sìmẹ́ńtì sára, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti parí, ó yẹ kó kúrò. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, ọ̀rá a gbẹ, gọ́ọ̀mù a le. Ẹni tó bá wá fi ọ̀bẹ họ ọ́, ara férémù ni yóò ṣe léṣe. Ohun tí a fi dènà àpá ló wá ń fa àpá.

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan tí mo fọkàn tán kó owó mi jẹ. Láti ìgbà náà, n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán tipẹ́, ọ̀rá ṣì wà lára mi. Àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni mo wá ń fura sí.

Ṣé ó burú kí èèyàn dáàbò bo ara rẹ̀ ni? Rárá o. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ṣé sìmẹ́ńtì ṣì ń ta? Bí ẹni tó ń nà yín bá ṣì wà nínú ilé, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ má tíì ṣí i. Ìdáríjì ò ní ká tún kó owó lé olè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí tí a ò ṣí i, kì í ṣe ọgbọ́n mọ́, ẹ̀rù lásán ni.

Ẹ wo Lásárù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fi aṣọ dì í. Ṣùgbọ́n aṣọ òkú ni, alààyè ò lè fi rìn. Jésù pè é jáde, ó sì rán àwọn tó dúró níbẹ̀ pé kí wọ́n tú u. Ẹni tó jí náà ò lè dá tú ara rẹ̀.

Èmi àti màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. A fi kẹrosíìnì díẹ̀ sára àkísà, a fi pa ojú gọ́ọ̀mù, a dúró kó rọ̀, a wá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo la rí ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lónìí, ẹ wá ẹnìkan tí ẹ ti ń sá fún láìṣẹ̀ yín, kí ẹ kí i.

Àdúrà: Olúwa, fi iṣẹ́ tó ti parí hàn mí, kí o sì fún mi lẹ́ni tí yóò bá mi tú u. Àmín.