Ẹni Tó Gbépo Lájà àti Windows Orí Kọ̀ǹpútà Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa máa ń fò dá ní ọgbà yìí: Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ta ló ni ín? Mi ò bi yín pé ta ló ra kọ̀ǹpútà o.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, tí ẹ gba Ọjà'ba já sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnjiníà ibẹ̀ kì í bi yín pé àṣẹ ìlò dà. Á ní kẹ́ ẹ jókòó, kò ní pẹ́ tí Windows á fi wọlé. Síídì kan náà, tàbí fláàṣì kan náà lóde òní, ló ń wọ ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Ẹ san owó iṣẹ́, ẹ gbé ẹrù yín lọlé. Tó bá yá, ọ̀rọ̀ kan á yọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: Activate Windows. Ó ti mọ́ àwọn kan lójú débi pé wọn ò rí i mọ́.

Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé: ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹnjiníà ló gun àjà. Àwa la dúró nísàlẹ̀ tá a nawọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní èsì sí i. Wọ́n ní tí wọ́n bá gbé epo, ìkòkò onílé á gbẹ; Windows tí wọ́n bá dà kọ, ìkòkò Microsoft ṣì kún dẹ́nu. Kí la wá jí? Èsì yìí dùn lẹ́nu, àmọ́ mi ò rò pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ewì yín tó wà nínú ìwé fọ́tòkọ́pì yìí, tí ẹnìkan bá dà á kọ, tó ń tà á ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ láì fún yín ní kọ́bọ̀, ewì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín lódindi. Ṣé ẹ ò ní pariwo? Òfin ilẹ̀ wa gan-an kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 1988 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, èyí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní March 2023 sì kà á bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, orí ẹní kan náà ni Windows àti ewì yín jókòó sí. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.)

Pé olówó ni wọ́n, ìyẹn kì í ṣe èsì rárá. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó sanwó lọ̀rọ̀ ti wá le. Windows XP tó jáde ní October 2001 ló mú activation wọ inú ilé. Ẹ̀rọ á wo àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀, á fi wọ́n ṣe nọ́ńbà kan, á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé láìrí èsì, ó tilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì á tẹ fóònù, á ka nǹkan bí 50 nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ka nǹkan bí 40 padà fún un. Ẹ rántí pé August 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, nǹkan bí ₦50 sì ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó lo ayédèrú ńkọ́? XP tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní activation nínú, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kan sì ti jò síta kí ọjà tó ṣí. Ẹni tó rí ìyẹn gbà ń sùn fọnfọn. Olóòótọ́ ló ń ka nọ́ńbà lórí fóònù tí kírẹ́díìtì ẹ̀ ń jó. Tí iná bá tún wá ba motherboard ẹ̀ jẹ́, tó pààrọ̀ ẹ̀, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò ó pé kí ni wọ́n tà fún wa gan-an. A mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Onílẹ̀ fún àlejò ní oko. Àlejò gbin iṣu, ó gbin àgbàdo, kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, ọdọọdún ló sì ń mú nǹkan lọ fún onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnìkejì níbẹ̀. Àlejò ò sọ pé òun ra ilẹ̀, onílẹ̀ ò sọ pé òun tà á. Windows ní tiẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, "ẹ wá rà á" ni wọ́n ń wí, iye owó wà lára páálí. Nínú ìwé àdéhùn XP, èyí tẹ́nikẹ́ni kì í kà, wọ́n ní àwọn ò tà á o, àṣẹ ìlò làwọn fún yín. Ọjà lẹ́nu ọ̀nà, ìṣákọ́lẹ̀ ní yàrá. Ní July 2012, ọ̀rọ̀ báyìí dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún àpapọ̀ Yúróòpù, láàárín Oracle àti UsedSoft, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ta àṣẹ ìlò àlòkù. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan láti máa lò ó títí láé, wọ́n ti tà á fún un nìyẹn, ó sì lè tún un tà. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí oní-crack má tíì máa jó: ẹni tí wọ́n dá láre yẹn, ó sanwó.

Ti tọ́kùńbọ̀ ló dùn mí jù. Ẹnìkan ti sanwó Windows ẹ̀ nílùú Òyìnbó, àṣẹ yẹn sì bá ẹ̀rọ wá. Àwọn ti àtijọ́ ní ìwé pélébé lábẹ́, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, inú motherboard làwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pamọ́ sí. Tí ẹ bá fi irú Windows tó bá a wá sí i, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, òun fúnra ẹ̀ á ṣe activation ẹ̀. Ẹnjiníà á nu gbogbo ẹ̀ kúrò, á fi Pro oní-crack sí i torí pé òun ló wà lórí fláàṣì, á ní kẹ́ ẹ pa antivirus ná, fáírọ́ọ̀sì á wọlé, project dìgbà ó ṣe. A wá di olè tó ń jí ẹrù ara ẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ní, "Àbúrò, oníbàárà ò ní sanwó àlàyé. Kó ṣáà ti tàn."

Wọ́n á ní kò sọ́nà míì. Ọ̀nà wà láti October 2004, nígbà tí Ubuntu jáde, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀. Títí di 2011 ni wọ́n ń fi síídì ẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà. Òótọ́ ni pé Word nìkan ni business centre mọ̀, ojú ìwé project yín sì lè dàrú níbẹ̀. Ìnira ni, mi ò sẹ́ ẹ.

Ní October 14, 2025, àtìlẹ́yìn gbogbogbòò tí Microsoft ń fún Windows 10 parí, torí náà ọ̀pọ̀ wa á tún gbé ẹ̀rọ tọ ẹnjiníà lọ. Kẹ́ ẹ tó fi lé e lọ́wọ́, ẹ dojú ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ bi í pé èwo ló bá a wá, Home àbí Pro, kó sì fi ìyẹn gan-an sí i. Tó bá ní kò sí lórí fláàṣì òun, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Microsoft. Ẹ ní ẹ ó dúró dè é.